Bí a ṣe ń wá wọ́ráǹtì ní Harris County: fún àwa tí a ń gbé Houston àti àyíká rẹ̀

Ní àárọ̀ Sátidé kan, ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì pè mí, ohùn rẹ̀ ò sì jọ ti tẹ́lẹ̀. Ọlọ́pàá dá a dúró lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì nítorí iná ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ tí kò tàn. Ọlọ́pàá gba láísẹ́ǹsì, ó padà sínú mọ́tò tirẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀ títí. Nígbà tó máa dé, ó ní, "Sà, ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́ráǹtì wà lórí yín?" Ẹ̀gbọ́n ò gbọ́ ọ rí. Ojú àánú ni ọlọ́pàá yẹn fi wò ó, ó ní kó lọ yanjú ẹ̀ kíákíá, ó sì ní kó máa lọ. Ṣùgbọ́n kò sọ kọ́ọ̀tù tó ti wá. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko lèmi àti ẹ̀gbọ́n fi wá a, a sì lo mẹ́ta nínú ẹ̀ níbi tí kò sí.

Ohun tí mo kọ́ lọ́jọ́ mẹ́rin yẹn, àti lẹ́yìn rẹ̀, nípa bí a ṣe ń wá wọ́ráǹtì, ìyẹn ìwé àṣẹ láti mú èèyàn tàbí láti tú ilé, ni mo fẹ́ kọ síbí. Èmi kì í ṣe lọ́yà o. Ẹni tí wọ́n máa ń pè nígbà tí ìwé ìjọba bá dé ilé wọn ni mí, torí pé mo ní sùúrù láti kà á dé ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ló rò pé ìwé ńlá kan wà níbì kan tí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ìjọba ń wá sí, pé téèyàn bá ti tẹ orúkọ sórí Google, á yọ. Kò sí irú ẹ̀ fún aráàlú. Èyí tó sún mọ́ ọn jù ni NCIC tí FBI ń tọ́jú àti TCIC ti ìpínlẹ̀ Texas, ọlọ́pàá àti àwọn tí òfin fún láàyè nìkan ló sì lè ṣí wọn. Ohun tí ọlọ́pàá rí nínú mọ́tò rẹ̀ nìyẹn. Àwa tó kù, ẹnu ọ̀nà kọ́ọ̀tù la ó ti máa béèrè, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kéèyàn mọ kọ́ọ̀tù tó yẹ kó kàn.

Irú ìwé wo lẹ ń wá?

Wọ́ráǹtì oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Èkíní ni ìwé àṣẹ láti mú èèyàn. Lábẹ́ òfin Texas, ó gbọ́dọ̀ ní orúkọ ẹni tí wọ́n fẹ́ mú, tàbí àpèjúwe rẹ̀ bí wọn ò bá mọ orúkọ. Ó gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án, adájọ́ sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Èkejì ni ìwé àṣẹ láti tú ilé, ọkọ̀ tàbí fóònù. Àdírẹ́sì ilé àti ohun tí wọ́n ń wá níbẹ̀ ló ṣe pàtàkì nínú ìyẹn, orúkọ onílé lè má sí nínú ẹ̀ rárá. Ọ̀nà tí à ń gbà wá èkíní yàtọ̀ sí ti èkejì, mo máa dé orí èkejì láìpẹ́.

Lórí kọ̀ǹpútà kọ́ọ̀tù, ẹ lè má rí ọ̀rọ̀ náà "warrant" rárá. Ẹ lè rí "capias", ìyẹn àṣẹ tí kọ́ọ̀tù fi ń ní kí wọ́n mú ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ ti wà níwájú rẹ̀, irú bí ẹni tí kò wá lọ́jọ́ tí wọ́n dá fún un. "Capias pro fine" jẹ́ ti ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi ṣùgbọ́n tí kò tíì san owó ìtanràn. Bí ẹ bá gbọ́ "blue warrant", ti ẹni tó jáde lẹ́wọ̀n lórí àdéhùn tó sì rú àdéhùn ọ̀hún ni. Orúkọ wọn ló yàtọ̀, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kan náà ni wọ́n ń lò.

Wọ́ráǹtì ìmúni kì í gbó. Ẹni tó gba tíkẹ́ẹ̀tì ní 2014, tó kó kúrò nílé, tó gbàgbé, wọ́ráǹtì rẹ̀ lè ṣì jókòó síbẹ̀ lónìí bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀.

Káúńtì wo, kọ́ọ̀tù wo?

Káúńtì, ìyẹn ẹ̀ka ìpínlẹ̀ bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa, 254 ló wà ní Texas. Harris ló pọ̀ lérò jù: ètò ìkànìyàn 2020 ka èèyàn 4,731,145 síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Houston kò parí sínú Harris. Apá kan ìlú náà wọ Fort Bend, apá kan wọ Montgomery. Katy ní tirẹ̀ pín sí mẹ́ta: Harris, Fort Bend àti Waller. Àwọn èèyàn wa kún Alief àti òpópónà Bissonnet, Harris nìyẹn. Àwọn tó ti ra ilé sí Richmond tàbí Sugar Land, Fort Bend ni tiwọn. Missouri City, Fort Bend ni púpọ̀ rẹ̀, síbẹ̀ apá kan rẹ̀ wọ Harris. Nítorí náà, "Houston, TX" tí wọ́n kọ sórí lẹ́tà yín kò sọ káúńtì fún yín.

Ibi tí ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀ ni kí ẹ máa rò, ẹ má wo ibi tí ẹ ń gbé. Ẹ lè máa sùn ní Richmond kó jẹ́ pé Harris ni ẹjọ́ yín wà.

Lẹ́yìn káúńtì, ẹ wo bí ọ̀ràn náà ṣe wúwo tó. Èyí tó kéré jù lọ ni Class C. Kò ní ẹ̀wọ̀n nínú, owó ìtanràn nìkan ni, kì í sì í sábà ju 500 dọ́là lọ. Tíkẹ́ẹ̀tì ìwakọ̀ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni jíjí ọjà tí iye rẹ̀ kò tó 100 dọ́là. Class B lè gba ẹ̀wọ̀n ọjọ́ 180 àti 2,000 dọ́là, Class A lè gba ọdún kan àti 4,000 dọ́là. Èyí tó bá ju ìyẹn lọ ni wọ́n ń pè ní felony.

Class A, Class B àti felony ní Harris, ọ́fíìsì kan ṣoṣo ló ń tọ́jú ìwé wọn: District Clerk. Ẹ ṣọ́ra níbí o, torí bí ẹ bá kọjá sí Fort Bend, District Clerk ibẹ̀ ń tọ́jú felony, County Clerk ló sì ń tọ́jú Class A àti B. Ẹni tó bá wo ẹyọ kan tó ní "kò sí nǹkan" kò tíì wò ó tán.

Class C ló ń da orí èèyàn rú. Ẹ ronú padà sí irú ọlọ́pàá tó fún yín ní tíkẹ́ẹ̀tì. Bó bá jẹ́ ọlọ́pàá ìlú Houston, Houston Municipal Court, kọ́ọ̀tù ìlú, ni, ní 1400 Lubbock Street. Bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ Sheriff tàbí Constable, ìyẹn ọlọ́pàá káúńtì, tàbí ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní DPS, ọ̀dọ̀ Justice of the Peace, adájọ́ ọ̀ràn kékeré, ló sábà máa ń lọ, mẹ́rìndínlógún sì ni kọ́ọ̀tù wọn ní Harris, méjì méjì ní precinct (ìpín káúńtì) mẹ́jọ. Bó bá tún jẹ́ ọlọ́pàá Bellaire, Pasadena tàbí ìlú mìíràn tí ẹ kàn gba ibẹ̀ kọjá, ìlú yẹn ní kọ́ọ̀tù tirẹ̀, ìwé rẹ̀ kò sì sí lórí kọ̀ǹpútà Houston. Ibi tí ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n ti yọ̀ nìyẹn. A wo Houston, kò sí. A wo District Clerk, kò sí. A wo Justice of the Peace, kò sí. Ọjọ́ kẹrin ni ìyàwó rẹ̀ rántí pé wọ́n dá wọn dúró lálẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n ń ti ibi òwàǹbẹ̀ bọ̀, nínú ìlú kan tí kò ju ojú títì díẹ̀ lọ.

Bí ẹ ó ṣe wò ó

Ẹ mú láísẹ́ǹsì yín, ọjọ́ ìbí yín, àti tíkẹ́ẹ̀tì tàbí lẹ́tà èyíkéyìí tó bá wà nílé. Bí nọ́ńbà ẹjọ́ bá wà lára ìwé náà, nọ́ńbà yẹn ni kí ẹ fi wá a, ó dára ju orúkọ lọ.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú hcdistrictclerk.com. Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń wá àkọsílẹ̀ ẹjọ́, ẹ yan ti ọ̀daràn, kí ẹ tẹ orúkọ ìdílé àti orúkọ tí wọ́n ń pè yín. Bí ẹjọ́ kan bá yọ, ẹ ṣí i, kí ẹ wo ohun méjì: ipò tí ẹjọ́ náà wà, àti ipò tí olùjẹ́jọ́ wà. Ẹjọ́ tó ti parí lè wà níbẹ̀ fún ogún ọdún, kò túmọ̀ sí pé wọ́n ń wá èèyàn. Ẹ ó tún rí nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní SPN. Nọ́ńbà tí Harris fi ń dá èèyàn kọ̀ọ̀kan mọ̀ ni, ẹnì kan ló ni ín títí ayé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ sí houstontx.gov/courts fún Houston Municipal Court, àti jp.hctx.net fún Justice of the Peace. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà bá sú lè pe 311 láti inú Houston, wọ́n á darí yín sí kọ́ọ̀tù ìlú. Fún àwọn ìlú kékeré, ìkànnì ìlú fúnra rẹ̀ ni kí ẹ wá, kí ẹ pe akọ̀wé kọ́ọ̀tù wọn. Ẹ̀gbọ́n pè, obìnrin tó gbé fóònù béèrè orúkọ àti ọjọ́ ìbí, ó sì rí i láàárín ìṣẹ́jú méjì. Lẹ́yìn gbogbo wàhálà yẹn!

Ọgbọ́n kan tún wà tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn kọ́ọ̀tù kan ní Texas máa ń fi orúkọ ẹni tí kò wá jẹ́jọ́ ránṣẹ́ sí ètò kan tó ń dí i lọ́wọ́ láti tún láísẹ́ǹsì ìwakọ̀ rẹ̀ ṣe. Bí wọ́n bá kọ̀ láti tún tiyín ṣe, ẹ lọ sí texasfailuretoappear.com pẹ̀lú nọ́ńbà láísẹ́ǹsì àti ọjọ́ ìbí yín. Á sọ kọ́ọ̀tù tó fi yín sùn, ibi yòówù kó wà ní Texas. Kì í ṣe gbogbo kọ́ọ̀tù ló wà nínú ètò náà, ṣùgbọ́n ó lè gba yín lọ́wọ́ ọjọ́ mẹ́rin.

Bó bá jẹ́ pé wọ́n ti mú ẹni tí ẹ ń wá, ẹ fi kọ́ọ̀tù sílẹ̀ ná, ẹ lọ sí harriscountyso.org, níbi tí Sheriff ti ń fi àwọn tó wà ní àhámọ́ rẹ̀ hàn. Òfin ní kí wọ́n mú ẹni tí wọ́n mú dé iwájú adájọ́ láàárín wákàtí 48.

Orúkọ wa

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ síbí, torí orúkọ Yorùbá àti kọ̀ǹpútà òyìnbó kì í gbọ́ ara wọn yé.

Kọ̀ǹpútà kọ́ọ̀tù ò mọ àmì ohùn, kò sì mọ Ṣ. Ṣọlá lè jẹ́ Sola, ó lè jẹ́ Shola, ó lè jẹ́ Olusola, ó sì lè jẹ́ Olushola. Fọláṣadé lè di Sade, Shade tàbí Folashade. Orúkọ tí ọlọ́pàá kọ lójú ọ̀nà lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni kọ̀ǹpútà mọ̀. Láísẹ́ǹsì àkọ́kọ́ tí ẹ̀gbọ́n gbà, H wà nínú orúkọ rẹ̀, èyí tó gbà lẹ́yìn tó di ọmọ Amẹ́ríkà, kò sí. Ká ní H yẹn la ń tẹ̀ nìkan, à bá ṣì máa wá a dòní.

Nítorí náà, ẹ tẹ orúkọ bí ó ṣe wà lórí gbogbo ìwé tí ẹ ti ní rí. Ẹ yí orúkọ ìdílé àti orúkọ tiyín padà síra, torí ẹni tí kò mọ̀ pé Adéyẹmí lè jẹ́ orúkọ bàbá, tó tún lè jẹ́ orúkọ ọmọ, lè kọ èyí tó wù ú síwájú. Ẹ tẹ orúkọ gígùn ní ìdajì: Oluwatobiloba lè wà níbẹ̀ bí Oluwatobi, tàbí kí wọ́n gé e sí méjì, Oluwa níhìn-ín, Tobiloba lọ́hùn-ún. Obìnrin tó ti lọ́kọ, ẹ wo orúkọ ilé bàbá yín náà. Ẹni tó fi dáàṣì so orúkọ bàbá àti ọkọ pọ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú dáàṣì, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ láìsí i.

Ìdàkejì rẹ̀ tún wà. Àwọn Adébáyọ̀ tó wà ní Houston ò lóǹkà. Ẹ má rí orúkọ yín lórí ẹjọ́ olè kí ojú yín ṣókùnkùn. Ẹ wo ọjọ́ ìbí, ẹ wo SPN. Bí ti ẹlòmíràn bá ń kó bá yín, tí ọlọ́pàá ń dá yín dúró léraléra lórí ọ̀ràn ẹni tí ẹ jọ ń jẹ́ orúkọ, ìyẹn ti kọjá kọ̀ǹpútà ilé, ọwọ́ lọ́yà ló kàn.

Bí kò bá sí ohun tó yọ

Kó yá yín lára díẹ̀, kó má yá yín lára jù. Wọ́ráǹtì tí wọn ò tíì lò lè má hàn sí aráàlú rárá. Òfin Texas sọ pé ìgbà tí wọ́n bá ti lo wọ́ráǹtì ìmúni ni òun àti ìwé ìbúra tí wọ́n fi gbà á di ohun tí gbogbo ayé lè kà. Láti ìgbà náà, akọ̀wé adájọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wò ó láàárín wákàtí iṣẹ́, ẹ ó kàn san owó ẹ̀dà ni. Kí wọ́n tó lò ó ńkọ́? Kò sí ìdánilójú. Bí ẹ bá ní ìdí láti fura pé ọ̀ràn tó wúwo wà nílẹ̀, ẹ gba lọ́yà ọ̀ràn ọ̀daràn, kí ó bá yín wádìí. Èmi ò ní gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ fi ẹsẹ̀ yín rìn lọ bá Sheriff láti béèrè bóyá felony wà lórí yín. Bó bá wà, wọn ò ní jẹ́ kí ẹ padà sílé.

Àkọsílẹ̀ ìdálẹ́bi tí Texas DPS ń tà lórí ìkànnì rẹ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi tàbí tí wọ́n fi sábẹ́ àmójútó ló wà níbẹ̀, kò sọ ẹni tí wọ́n ń wá.

Ìwé àṣẹ láti tú ilé

Ẹ ò lè wá èyí kí wọ́n tó lò ó, ẹ má wulẹ̀ gbìyànjú. Àṣírí ni, torí ká ní onílé mọ̀ ni, ohun tí wọ́n ń wá á ti kúrò nílẹ̀. Ẹ̀mí rẹ̀ sì kúrú. Èyí tó wọ́pọ̀, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ọlọ́pàá ní láti lò ó, láìka ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i àti ọjọ́ tí wọ́n lò ó.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé, wọ́n gbọ́dọ̀ fún onílé ní ẹ̀dà ìwé náà àti àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n bá kó. Bí kò bá sí ẹnikẹ́ni nílé, kí wọ́n fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ ka àdírẹ́sì orí rẹ̀. Ẹ ka nọ́ńbà ilé, kí ẹ tún un kà. Ẹ wo bóyá adájọ́ fọwọ́ sí i, pé ọjọ́ wà lára rẹ̀, pé orúkọ adájọ́ ṣeé kà. Ẹ má di ọ̀nà mọ́ wọn, ẹ má bá wọn jà. Ẹ kàn tọ́jú ìwé yẹn bí ẹyin.

Ohun tí ẹ ó wá lẹ́yìn náà ni ìwé ìbúra, níbi tí ọlọ́pàá ti búra fún adájọ́ pé ìdí báyìí báyìí lòun fi fẹ́ wọlé. Bí wọ́n bá ti lo ìwé àṣẹ náà tán, ìwé ìbúra ọ̀hún di ti gbogbo ayé. Ẹ kọ àdírẹ́sì ilé, ọjọ́ tí wọ́n wá, nọ́ńbà tó wà lórí ìwé àti orúkọ adájọ́, kí ẹ gbé e lọ bá akọ̀wé adájọ́ náà. Adájọ́ lè ti í pa fún ọgbọ̀n ọjọ́ bí ìjọba bá ní ìdí gidi, ó sì lè fi ọgbọ̀n mìíràn kún un. Bí wọ́n bá ní wọ́n ti tì í pa, ẹ béèrè ọjọ́ tó máa ṣí, kí ẹ padà lọ.

Ẹ má rò pé ìwé lásán ni. Ní January 28, 2019, ọlọ́pàá Houston fọ́ ilé kan ní Harding Street wọlé. Tọkọtaya tó ń gbé ibẹ̀, Dennis Tuttle àti Rhogena Nicholas, kú nínú ìbọn tí wọ́n yìn. Ọlọ́pàá tó gba ìwé àṣẹ náà, Gerald Goines, ti búra pé ẹnì kan tó ń fún òun níròyìn ra heroin nílé yẹn. Irọ́ ni. Nígbà tí wọ́n tú ìwé ìbúra rẹ̀ wò, kò sí ẹni tó ra nǹkan kan. Ní 2024, ìgbìmọ̀ kọ́ọ̀tù dá Goines lẹ́bi ìpànìyàn, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n ọgọ́ta ọdún. Gbólóhùn díẹ̀ tó kọ sínú ìwé yẹn ni gbogbo ẹjọ́ náà dúró lé.

Àwọn tó ń pè lórí fóònù

Nọ́ọ̀sì kan tí mo mọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù owó oṣù kan. Ọkùnrin kan pè é, nọ́ńbà tó yọ lórí fóònù jọ ti Sheriff lóòótọ́, ó ní wọ́ráǹtì wà lórí rẹ̀ torí pé kò wá fún jury duty, ìyẹn ìpè láti wá jókòó nínú ìgbìmọ̀ kọ́ọ̀tù, pé kó lọ ra káàdì ẹ̀bùn, kó ka nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ fóun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n ń bọ̀ níbi iṣẹ́ rẹ̀. Ó tún ní kò gbọdọ̀ pa fóònù. Àwọn gbájú-ẹ̀ ni. Sheriff kì í gba owó wọ́ráǹtì lórí fóònù, kì í gba káàdì ẹ̀bùn, Zelle tàbí Bitcoin. Bí wọ́n bá pè yín, ẹ pa fóònù, kí ẹ fúnra yín lọ wo ìkànnì tí mo kọ sókè yìí. Ẹ má pe nọ́ńbà tí wọ́n bá fún yín.

Àwọn ìkànnì tí Google máa ń kọ́kọ́ gbé wá tún wà, tí wọ́n á ní "à ń wá a, à ń wá a", tí iná pupa á máa ṣẹ́jú, kí wọ́n tó ní kí ẹ mú káàdì báńkì wá. Àkọsílẹ̀ kọ́ọ̀tù tí wọ́n ti kó pamọ́ tipẹ́ ni wọ́n ń tà. Ohun tí ẹ lè wò lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ District Clerk, ẹ má rà á lọ́wọ́ wọn.

Ti ìjọba àpapọ̀ àti ti ICE

Ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ kò sí lórí kọ̀ǹpútà káúńtì. PACER, ìkànnì àkọsílẹ̀ kọ́ọ̀tù ìjọba àpapọ̀, ni wọ́n ti ń wò ó, sẹ́ǹtì mẹ́wàá fún ojú ìwé kan, bí owó yín kò bá sì ju 30 dọ́là lọ láàárín oṣù mẹ́ta, wọn ò ní gbà á. Wọ́ráǹtì tí wọn ò tíì lò sábà máa ń wà ní títì pa níbẹ̀ náà.

Ìwé tí òṣìṣẹ́ ICE, àjọ ìwọlé-wọ̀lú tó ń mú èèyàn, ń mú dání, I-200 tàbí I-205, òṣìṣẹ́ àjọ náà ló ń fọwọ́ sí i, adájọ́ kọ́ọ̀tù kò sí nínú ẹ̀. Ẹ ò lè rí i ní Harris County. Ohun tí ẹ lè wò ni ẹjọ́ yín ní kọ́ọ̀tù ìwọlé-wọ̀lú: ẹ pe 1-800-898-7180, kí ẹ tẹ A-number yín, ìyẹn nọ́ńbà tí àjọ ìwọlé-wọ̀lú fi ń dá yín mọ̀, ẹ̀rọ á sọ ọjọ́ ìjókòó àti ohun tí adájọ́ pa láṣẹ. Ẹni tó ti pa ìjókòó jẹ rí, kó gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ yẹn sọ, kó sì rí lọ́yà kó tó tẹ ilẹ̀ kọ́ọ̀tù èyíkéyìí.

Bí ẹ bá rí i

Bí ó bá jẹ́ Class A, B tàbí felony, lọ́yà ló kàn, kí ẹ tó bá ọlọ́pàá kankan sọ̀rọ̀. Ẹ wo orúkọ lọ́yà náà lórí texasbar.com kí ẹ tó sanwó, torí àwọn "agent" tó ń pe ara wọn ní lọ́yà pọ̀ láàárín wa. Lọ́yà lè bá yín ṣètò béèlì ṣáájú, kí ẹ lọ fara hàn lọ́jọ́ tí ẹ ti múra sílẹ̀, dípò kí wọ́n mú yín níwájú àwọn ọmọ.

Bí ó bá jẹ́ Class C, ẹ má sá. Láti 2017, òfin Texas ti sọ pé bí ẹni tí kò wá sí kọ́ọ̀tù bá fúnra rẹ̀ wá kí wọ́n tó mú un, tó sì fi òótọ́ inú gbìyànjú láti yanjú ọ̀ràn náà, kọ́ọ̀tù gbọ́dọ̀ fagi lé wọ́ráǹtì ìyẹn. Bí owó kò bá sí, ẹ sọ fún adájọ́. Ó lè ní kí ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀, kí ẹ fi iṣẹ́ ìlú dí i, tàbí kó fi apá kan jì yín.

Ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì di ọmọ Amẹ́ríkà, ẹ gbọ́ o. Ní Texas, sísan owó tíkẹ́ẹ̀tì dà bí ìgbà tí ẹ gbà kí wọ́n dá yín lẹ́bi. Bó bá jẹ́ ti eré àsápajúdé, wàhálà rẹ̀ kò pọ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀sùn olè ni, kódà ọṣẹ àti ìpara tí kò tó ogún dọ́là, ó lè dí yín lọ́nà lọ́jọ́ tí ẹ bá ń béèrè fún green card. Ẹ má sáré tẹ "pay" lórí fóònù kí ọ̀rọ̀ lè tán. Ẹ bá lọ́yà ìwọlé-wọ̀lú sọ̀rọ̀ ná.

Ti ẹ̀gbọ́n, eré sísá ni. Ọjọ́ Wẹ́sidé la lọ, èmi àti òun, ó wọṣọ bí ẹni ń lọ ìgbéyàwó. Adájọ́ béèrè ìdí tí kò fi wá ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ó ní òun ti kó kúrò nílé yẹn, lẹ́tà wọn ò tọ́ òun lọ́wọ́. Wọ́n fagi lé wọ́ráǹtì, wọ́n pín owó náà sí oṣù mẹ́fà fún un. A ti ń jáde lọ kí n tó rántí, mo fà á padà sójú fèrèsé akọ̀wé pé kó gba ìwé tó fi hàn pé wọ́n ti fagi lé e, torí kọ̀ǹpútà ọlọ́pàá lè máà tètè gbọ́. Akọ̀wé tẹ ẹyọ kan jáde, ó lu òǹtẹ̀ sí i. Inú ọ̀rá ni ẹ̀gbọ́n fi í sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ rẹ̀, ó sì ra iná ẹ̀yìn tuntun lọ́nà ilé.